Èwo ló yẹ ọgbà yín: ère Scudder, Parsons, Frishmuth, àbí Vonnoh?

Ọjọ́ Sátidé kan ni tọkọtaya kan ní Maryland pè mí pé kí n wá wo ẹ̀yìnkùlé àwọn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni: mo máa ń gbẹ́ adágún kékeré sínú ọgbà, màá ri páìpù mọ́lẹ̀, màá gbé ère lé e, omi á sì máa tú. N kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán nínú ọkọ̀ tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti fi àwòrán kan pamọ́ sórí fóònù. Ère idẹ ni, ọmọbìnrin kan tó dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó na apá sókè bí ẹni tó fẹ́ já èso, ìgbì omi sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò sí aṣọ lára rẹ̀ rárá. Ìyá gba fóònù, ó wò ó, ó dá a padà.

"Dádì Ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí Pásítọ̀ bá wá ṣe ìkómọ níbí ńkọ́?"

"Mọ́mì Ṣeun, ère ni. Iṣẹ́ ọnà ni."

"Mo mọ̀ pé ère ni. Ṣùgbọ́n èmi ni màá ṣàlàyé fún àwọn ìyá ìjọ, kì í ṣe ẹ̀yin."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi pé kí n dá ẹjọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wọ ọgbà yìí?" Wọ́n rò pé mo ń sá fún ọ̀rọ̀ ni.

N kò sá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ yan ojú ère, tí wọ́n á wá máa wá omi tó máa bá a rìn. Èmi a kọ́kọ́ béèrè ohun tí omi máa ṣe. Lẹ́yìn náà ni màá béèrè ohun tó máa ṣẹ́kù nígbà tí omi ò bá sí mọ́, nítorí pé ní agbègbè wa, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, a máa ń pa pọ́ǹpù ni, kí omi má baà dì sínú páìpù kó sì bẹ́ ẹ. Oṣù mẹ́rin ẹ fi ń wo ère tí kò tu omi. Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fi ń gbé àwọn ère tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí wò, iṣẹ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà mẹ́rin tí wọ́n fi idẹ ṣe orúkọ nínú ọgbà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìtàn rẹ̀ dùn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń múra ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Chicago ní 1893, iṣẹ́ ère pọ̀, ọjọ́ sì ti sún mọ́lé. Lorado Taft tó ń bójú tó apá kan iṣẹ́ náà lọ bi Daniel Burnham, ọ̀gá gbogbo iṣẹ́, bóyá òun lè gba obìnrin sí i. Ìdáhùn tí Burnham fún un ni pé kó gba ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣe é, kódà bó jẹ́ ehoro funfun. Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn obìnrin náà ní Ehoro Funfun nìyẹn, wọn ò sì bínú. Janet Scudder, ọmọ Terre Haute ní Indiana, wà lára wọn. Bessie Potter, tó di Vonnoh lẹ́yìn tó relé ọkọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìpàtẹ, ère ọ̀gágun lórí ẹṣin ni àwọn ìlú ń ná owó lé, ọkùnrin sì ni wọ́n ń gbé e fún. Nínú ìwé tí Scudder kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1925, ó sọ ọ́ kedere pé òun ò ní fi tòun kún ère ọkùnrin tó tò lọ bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń ba ìlú Amẹ́ríkà jẹ́. Ó fẹ́ ṣe ohun tí ènìyàn máa rí tí inú rẹ̀ á dùn. Àkókò náà bọ́ sí i, torí pé àwọn olówó ń kọ́ ilé ńláńlá sí Long Island àti ibòmíràn, ọgbà wọn sì ń wá ère. Ilẹ̀kùn tí àwọn obìnrin gbà wọlé nìyẹn. Òótọ́ ni pé Emma Stebbins ti ṣáájú wọn, òun ló ṣe áńgẹ́lì idẹ tó wà lórí omi Bethesda ní Central Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ìlú New York, tí wọ́n ṣí ní 1873. Ṣùgbọ́n ti ìlú nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé tiwa ni mò ń sọ.

Ọmọdé àti ẹran omi: Scudder lọ́tùn-ún, Parsons lósì

Ère tó mú orúkọ Scudder jáde ni Frog Fountain, tó mọ ní Paris ní 1901. Kó tó ṣe é, ó ti lọ sí Ítálì, ó sì ti rí àwọn ọmọ kékeré aláyọ̀ tí Donatello àti Verrocchio, àwọn oníṣẹ́ ère àtijọ́, fi idẹ àti òkúta ṣe ní Florence. Ẹni tó bá rí ọmọ Verrocchio tó gbá ẹja mọ́ra ní ààfin Palazzo Vecchio ti rí bàbá àgbà gbogbo ère tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọmọkùnrin kékeré kan ni Frog Fountain, ó sanra díẹ̀, kò tó mítà kan ní gíga. Àkèré mẹ́ta wà nílẹ̀ tí wọ́n ń tu omi sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tẹ ara, ó ń wo ìsàlẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Stanford White, ayàwòrán ilé tí àwọn olówó New York kì í fi ṣeré, ra ọ̀kan, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ilé ọnà Metropolitan ní New York ra ọ̀kan ní 1906, ẹ sì lè lọ wò ó níbẹ̀.

Ní ti omi, n kò tíì rí èyí tó ju ti Scudder lọ. Àkèré tu omi ni ọmọ fi gbé ẹsẹ̀. Bí ẹ bá yọ omi kúrò, kò sí ìdí tó fi yẹ kó gbé e. Ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà. Bí ìgbà òtútù bá dé tí a pa pọ́ǹpù, ọmọ yẹn á dà bí ẹni tí onílù ti gbé ìlù lọ tó ṣì ń jó. Ó rẹwà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ̀ pé nǹkan kan kù. Bó bá jẹ́ Florida lẹ ń gbé, tàbí Texas lápá ìsàlẹ̀ níbi tí omi kì í sábà dì, ẹ má ka àléébù yìí sí, kò kàn yín.

Edith Barretto Parsons gba ọ̀nà mìíràn. Òun náà fẹ́ràn ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tirẹ̀ di nǹkan mú. Duck Baby, tó mú kí gbogbo ènìyàn máa rẹ́rìn-ín ní ìpàtẹ San Francisco ní 1915, jẹ́ ọmọ kan tó kó pẹ́pẹ́yẹ kéékèèké há abíyá. Ọ̀kan wà tó gbé ahun, ọ̀kan sì wà tó di àkèré mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ rí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Scudder: ìtàn ọmọ Parsons kò dá lórí omi. Kódà bí adágún bá gbẹ fún ọdún kan, ọmọ tó gbé pẹ́pẹ́yẹ ṣì ń ṣe nǹkan kan, ẹ sì mọ ohun tó ń ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ère bẹ́ẹ̀ ṣe ń bá ènìyàn gbé, ẹ wo Frog Baby tó wà ní yunifásítì Ball State ní Muncie, Indiana. Nígbà tó wà nínú ilé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ fi ọwọ́ ra á nímú kí wọ́n tó wọ yàrá ìdánwò, pé oríire wà níbẹ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọdún lẹ́yìn ọdún, títí imú fi jẹ tán pátápátá. Wọ́n ní láti gbé e lọ fún àtúnṣe. Wọ́n gbé e síta lórí omi nígbà tó padà dé, ọwọ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ tó o mọ́. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ń ṣe ni pé wọ́n ń wọṣọ fún un: fìlà lónìí, ìborùn lọ́la. Ní tèmi, ìyẹn ju ìwé ẹ̀rí lọ. Idẹ tó nípọn, tí ọwọ́ ènìyàn lásán sì gbẹ́ imú rẹ̀ kúrò, ẹ lè fojú inú wo iye ènìyàn tó ti fẹ́ràn rẹ̀.

Àbùkù Parsons ni pé dídùn rẹ̀ lè pọ̀ jù. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ jẹ́ ti òkúta gígún régé, tí igi rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lórí pápá, bó bá gbé ọmọ ẹlẹ́rìn-ín síbẹ̀, á dà bíi pé àlejò ló gbàgbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Frishmuth: èyí tí Bàbá ń fẹ́

Ní ti Harriet Whitney Frishmuth, màá pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀. Philadelphia ni wọ́n bí i sí ní 1880. Ó pẹ́ láyé títí di 1980. Ó kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Rodin, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ère, ní Paris. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ijó ló gbé ère. Oníjó kan tó ń jẹ́ Desha ló máa ń dúró fún un. Frishmuth á fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí ẹ̀rọ, Desha á máa jó, bó bá dé ibi tó wu Frishmuth, á ní kó dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìdúró tó lè dá ẹlòmíràn lápá, Desha lè wà lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Mẹ́ta nínú ère omi rẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń dárúkọ fún mi. Joy of the Waters ni àkọ́kọ́, ti 1917: ọmọbìnrin tí omi tútù tu sí lára lójijì, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tẹ́ ìka ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ gbalaja, irun rẹ̀ ń fò. Ó ṣe èyí tó kéré sí i ní 1920, Desha ló dúró fún ìyẹn. Call of the Sea, ti 1924, jẹ́ ọmọbìnrin tó gun ẹja. Crest of the Wave ti 1925 ni èyí tó wà nínú fóònù Bàbá Ṣeun. Ìwọ̀n méjì ni ìyẹn ní: kékeré tó jẹ́ nǹkan bí ínṣì 21, èyí tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì, àti ńlá tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 5.

Ẹ fi Joy of the Waters àti Crest of the Wave sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ti àkọ́kọ́ nílò kí omi tu sókè láti ìsàlẹ̀ yí i ká. Òtútù omi ló ń mú un fò. Ní ti èkejì, Frishmuth fi idẹ ṣe ìgbì náà fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin wà lórí omi tí kò lè gbẹ láé. Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, omi gidi á máa sáré yí omi idẹ ká, ojú á máa ṣe ènìyàn rìnrìn. Bí pọ́ǹpù bá kú, ìgbì ṣì wà. Òjò dídì á tẹ́ lé e, funfun lórí àwọ̀ ewé, apá kan á ṣì nà sókè. Ní ti ìgbà òtútù, n kò mọ ère tó ju èyí lọ nínú gbogbo wọn, mo sì sọ fún Bàbá bẹ́ẹ̀ níṣojú Ìyá. Ìyá ò dá mi lóhùn. Ó lọ mú jọ́ọ̀sì wá.

Afẹ́fẹ́ náà kò ṣòro fún un, nítorí omi rẹ̀ kì í ga, ẹsẹ̀ ni ó ti ń tu. Ní ti Joy of the Waters, bí omi bá ga yí i ká, atẹ́gùn ọ̀sán kan lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí fèrèsé aládùúgbò. Òfin tí mo ń lò rọrùn: bí omi bá máa ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí adágún fẹ̀ tó 6, ó kéré tán. Ẹ̀yìnkùlé tí kò gbà á, kó má gbìyànjú ẹ̀.

Nípa ti ìhòòhò, n kò ní fi òtítọ́ pamọ́: ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí mo ti ṣiṣẹ́ fún nílẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bà jẹ́. Àwọn kan ní kí n gbé e síbi tí igi bò, àwọn kan ní kí n fi òdòdó ṣe ìró fún un. N kò rẹ́rìn-ín. Ère tó bá máa dá wàhálà sílẹ̀ nígbàkigbà tí àlejò bá wá, kì í ṣe ère tó yẹ yín, bó ti wù kó rẹwà tó.

Vonnoh fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́

Bessie Potter Vonnoh kò pariwo. Lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ ní Conservatory Garden, lápá òkè Central Park, ní Fifth Avenue níbi tó ti pàdé òpópónà 105: ère ìrántí Frances Hodgson Burnett, òǹkọ̀wé ọmọdé, ti 1936. Ọmọbìnrin kan dúró, ó wọṣọ, ó gbé àwo kan tí ẹyẹ ti lè mu omi. Ọmọkùnrin kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fọn fèrè. Iwájú wọn ni adágún tí òṣíbàtà ń hù nínú rẹ̀.

Pọ́ǹpù tí omi bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò ju kékeré lọ. Kò sí ohun tó ń fò, kò sí ohun tí afẹ́fẹ́ máa jí gbé. Ẹyẹ máa ń wá ní tòótọ́, ìyẹn sì jẹ́ ohun kan tí Frishmuth kò lè fún yín. Bí ẹ bá ní ọgbà tí ẹ ti ń ka Bíbélì láàárọ̀ tàbí tí Màmá yín tó wá láti Nàìjíríà ti ń jókòó sí, Vonnoh ni kí ẹ máa wá irú ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ariwo mọ́tò wà lẹ́yìn ọgbà yín tí ẹ sì fẹ́ kí omi bò ó mọ́lẹ̀, kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ àkèré Scudder.

Àwọn mìíràn wà tí màá kàn fọwọ́ bà. Ní Public Garden ní Boston, ẹ máa rí ọmọ àti ẹyẹ tí Bashka Paeff ṣe, ẹ sì máa rí Triton Babies ti Anna Coleman Ladd. Ladd yìí kan náà ló lọ sí Paris nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tó ń ṣe ìbòjú fún àwọn sójà tí ìbọn ti ba ojú wọn jẹ́. Ìgbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo tó mọ ìdí tí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ fi gún régé tó báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá èmi ni mo ń rò ó.

Ojúlówó, àtúndà, àbí ike?

Ìfiwéra tó ń dun àpò nìyí. Ère tí wọ́n dà nígbà ayé àwọn obìnrin wọ̀nyí ń lọ sí ọjà gbàǹjo àwọn ilé ńlá, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kékeré Crest of the Wave nìkan lè gba owó ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tà á fún yín ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là, ẹ ti mọ ìdáhùn.

Ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo etí ìdí ère. Orúkọ oníṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún lọ́pọ̀ ìgbà, kí orúkọ ilé tó dà á sì wà. Gorham ní Providence, Rhode Island, ló da ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Frishmuth. Roman Bronze Works ní New York náà dà fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ère. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sínú ìda kó tó di idẹ (màá ṣàlàyé ìda yẹn láìpẹ́) máa ń mú, etí rẹ̀ á gún. Èyí tí wọ́n fi ère àtijọ́ tún ṣe máa ń rọ̀, bí ìgbà tí ọṣẹ ti pẹ́ nínú omi, torí pé nígbàkigbà tí wọ́n bá fi ère da ère, ó ń sọ díẹ̀ nù, ó sì ń kéré sí i díẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dà á kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ère, wọ́n á gba ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú ìda, wọ́n á fi nǹkan tó lè gba iná yí ìda ká, wọ́n á sun ún kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn baba wa lò ní Ilé-Ifẹ̀ nìyẹn, fún àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi. Ìyàtọ̀ ni pé ọmọ Amẹ́ríkà tó mọ amọ̀ lè má fọwọ́ kan idẹ rárá. Ilé iṣẹ́ ló ń dà á fún un.

Nípa àtúndà tuntun: kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀ bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní àtúndà. Bàbà nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 pẹ̀lú sílíkọ́nì díẹ̀ ni wọ́n máa ń lò báyìí, níbi tí wọ́n ti ń lo bàbà pẹ̀lú tánganran tẹ́lẹ̀. Ó lágbára, ó ṣeé jó pọ̀. Ike tí wọ́n po lẹ́búlẹ́búú idẹ mọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n máa ń fi orúkọ idẹ tà á. Oníbàárà mi kan rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ère tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Mo fi ọwọ́ kan gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì ti mọ̀ pé kì í ṣe idẹ. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́, orúnkún ère náà là. Inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

Ẹ fi ìka kàn án: idẹ á dún bí agogo, á sì máa dún lọ, ike á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fọwọ́ lé e lábẹ́ ìbòjì: idẹ máa tutù. Ẹ fi òòfà kàn án: bó bá fà á, irin ni wọ́n kùn. Bí kò bá fà á, ìyẹn nìkan kò tíì sọ pé idẹ ni, nítorí òòfà kì í fa ike náà.

Ohun tí kò sí nínú àwòrán

Nọ́ńbà tó wà lára páálí pọ́ǹpù máa ń tan ènìyàn. Iye omi tó ń gbé nígbà tí kò gùn sókè rárá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí páìpù bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni omi ń dín kù. Fún ọmọ Parsons, pọ́ǹpù kékeré tó. Fún Crest of the Wave ńlá, omi gbọ́dọ̀ pọ̀, kì í ṣe kó ga. Pọ́ǹpù tó ń tu okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á fi ìgbì náà ṣẹ̀sín.

Ẹ má da klórìn sí i. Mo bẹ̀ yín. Ó máa ń jẹ idẹ, á gbé ẹ̀tù àwọ̀ ewé tó ń ṣí bí èèpá jáde, ìyẹn kì í sì í ṣe àwọ̀ ewé tó dán tí a fẹ́. Omi líle tó ń fi ẹfun sílẹ̀ náà ń ba ojú ère jẹ́. Omi òjò dára jù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ fọ ère pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ìda tó mọ́ pa á lára, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ẹ má fi ẹja olówó ńlá sí adágún kékeré tí idẹ wà nínú ẹ̀, bàbà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lè pa wọ́n.

Bóòtù tó so ère mọ́ òkúta kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irin lásán, á dípẹtà, ìpẹtà á sì ṣàn lára òkúta bí ẹ̀jẹ̀. Ohun ìkẹyìn, ẹ wá ihò kékeré ní ìsàlẹ̀ ère. Bí kò bá sí, omi tó wọ inú rẹ̀ á dì, á sì ya idẹ.

Mo sọ fún tọkọtaya náà pé kí wọ́n má tíì ra nǹkankan. Kí wọ́n lọ rí èyí tó tóbi lójúkojú. Wọ́n wakọ̀ lọ sí Brookgreen Gardens ní South Carolina, ọgbà tí Anna Hyatt Huntington, òun fúnra rẹ̀ oníṣẹ́ ère, àti ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1931. Call of the Sea ti Frishmuth wà níbẹ̀. Bàbá ní òun dúró síwájú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro òun. Ìyá ní ohun mìíràn ni òun rí: pé ilẹ̀ náà jẹ́ oko ìrẹsì mẹ́rin nígbà kan, àti pé àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló fi ọwọ́ gbẹ́ ipadò rẹ̀. Ó ní òun kò lè wo omi yẹn bí ẹní ń wo omi ọgbà lásán. Kò sí ohun tí mo lè fi kún un.

Nígbà tí wọ́n padà, ẹjọ́ ti parí láàárín wọn. Bàbá gbà pé ti Frishmuth kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé àwọn. Ó ra ìwé ńlá kan tí àwòrán ère rẹ̀ wà nínú ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì pálọ̀. Ohun tí wọ́n gbé sínú adágún ni ọmọ idẹ kan tó gbá pẹ́pẹ́yẹ mọ́ àyà. Kì í ṣe ti Parsons. Oníṣẹ́ ère kan tó ṣì wà láàyè ló mọ ọ́n, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń da idẹ ló dà á, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà nídìí rẹ̀. Mo gbé e sórí òkúta ní oṣù kẹfà.

Ní oṣù kejìlá, lẹ́yìn tí mo ti lọ pa pọ́ǹpù, Ìyá Ṣeun fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òjò dídì ti dé orúnkún ọmọ náà. Wọ́n ti dé fìlà òtútù pupa kan sí i lórí, wọ́n sì we ìborùn mọ́ pẹ́pẹ́yẹ lọ́rùn. Ó kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀: "Àbúrò, Pásítọ̀ ló wọ̀ ọ́ fún un."